Ìwẹ̀ Ìdájí Turíyà

Kí ladánì tó pe ìrun àsùbáà lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn ni Turíyà ti wà nílé ìwẹ̀, tó ń rọra da omi sára, tó ń fi ọwọ́ gbá ìdí ike mú kó má baà kan ilẹ̀ kó dún. Ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbá, tó ń fọ̀, tó ń dáná nínú rẹ̀ láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ, ibẹ̀ náà ló ti ń yọ́ wẹ̀ bí olè. Ìtọ̀ ló jí i. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà yàrá ló ti já sí i lára, ó rin ṣòkòtò tó fi sùn, ó ṣàn dé kókósẹ̀. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ti bímọ, tó ti fi Náwálì ọmọ rẹ̀ fọ́kọ, ló ń tọ̀ sára. Ó fọ ṣòkòtò náà, ó fún un, ó ká a sínú ike, ó fi tówẹ̀lì bò ó, ó wá ṣílẹ̀kùn.

Lálà Tàmú, ìyá ọkọ rẹ̀, ló dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, búútà àlùwàlá lọ́wọ́ kan, awọ àgùntàn rẹ̀ lábẹ́ abíyá kejì.

“Ìwọ nìyẹn, ìyàwó?”

“Èmi ni, Ìyá. Ẹ káàárọ̀.”

“O tún wẹ̀.”

“Ooru ló mú mi, Ìyá.”

“Ooru.” Lálà Tàmú wo fèrèsé kékeré tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Yìnyín ṣì wà lórí òkè, gbogbo ilé ṣì ń da kúbùsù lé kúbùsù. “Ooru wo nìyẹn?”

Kì í kúkú ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Láti ìgbà tí nǹkan oṣù Turíyà ti dáwọ́ dúró ni ooru kan ti máa ń ru sí i láti àyà dé orí, tí òógùn á bò ó láàárín òtútù. Ṣùgbọ́n ooru kọ́ ló gbé e dé ilé ìwẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìyá àgbà náà sì ń wo ike tó gbá mọ́ra. Ó wò ó títí Turíyà fi gbé e sẹ́yìn.

“Yàrá àlejò ni Búṣítà tún sùn,” ni Lálà Tàmú wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ibẹ̀ ló ti ń sùn láti ìgbà iléyá.”

Turíyà tún tówẹ̀lì orí ike náà tẹ́. Kí ló fẹ́ wí? Òun fúnra rẹ̀ ló lé ọkọ rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ní ìhanrun rẹ̀ kì í jẹ́ kóun sùn. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí Búṣítà na ọwọ́ lóru, kó kan ibi tó rin.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, torí orí rẹ̀ ni gbogbo wàhálà ọjọ́ náà dá lé. Ní ìlú Sefrú tiwa níbí, bí obìnrin tó ní ọkọ bá wẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ ní ìdájí, kò sẹ́ni tí í bi í ní ìdí. Ọkọ rẹ̀ ló sún mọ́ ọn lóru, ó wá ń wẹ jánábà kó lè kírun. Tí ọkọ bá wá ń sùn ní yàrá mìíràn ńkọ́? Tí ìyàwó bá wẹ̀ tán tí kò tẹ́ ẹní ìrun ńkọ́? Lálà Tàmú ti ṣe ìṣirò yẹn sókè sódò, ibì kan náà ló ń já sí. Ọkùnrin kan wà níbì kan.

Ó kọjá lára Turíyà wọ ilé ìwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Turíyà dúró, ó gbọ́ bó ṣe ń fa imú, tó ń gbóòórùn ibẹ̀ káàkiri, kó tó lọ fi ike náà pamọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Gbogbo àdúgbò ló ń bẹ̀rù Lálà Tàmú. Ẹnikẹ́ni ò rí eyín rẹ̀ rí. Wọ́n lè dá àpárá tí àwọn obìnrin yòókù á fi máa di ara wọn mú kí wọ́n má baà ṣubú, tirẹ̀ ni kó fún ẹnu pọ̀ kó gbójú sápá kan. Kì í fi àlùwàlá kan kírun méjì láé. Bí ìrun kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, ó di ibi omi. Ibi yòówù kó lọ, ì báà jẹ́ ilé òkú, ì báà jẹ́ ilé ìkómọ, awọ àgùntàn yẹn ló ń gbé lọ, orí rẹ̀ ló ń jókòó sí, òun nìkan ló sì ń fọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn ní ẹni mímọ́ ni. Ní ti Turíyà, ìgbéraga ni; ó gbà pé ìrọ̀rí ilé òun ló rí bí ẹ̀gbin lójú ìyá ọkọ òun.

Kò tíì pẹ́ tí oòrùn yọ tí Kadúújì fi wọlé. Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tiwọn, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Turíyà ti wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ọpọ́n ńlá, ó ń fi òróró àti omi iyọ̀ pa kúsúkúsù, oúnjẹ àlìkámà lílọ̀, láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kó má baà dì. Kúsúkúsù ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe eré. Wọ́n á gbé e sórí ooru omi, wọ́n á dà á sílẹ̀, wọ́n á tún un pa, wọ́n á tún gbé e padà. Gbogbo ìgbà tó bá gbé ìkòkò náà ló ń kọ́kọ́ fún ìsàlẹ̀ ara rẹ̀ pọ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, kó tó dìde.

“Òórùn elégédé yìí ló fà mí wá,” ni Kadúújì wí, ó sì jókòó. “Turíyà, mo rí ẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.”

“Ibo?”

“Ẹnu ọ̀nà Jàwádì onígbàjámọ̀, lẹ́yìn odò. Mo ní àbí Turíyà ti ń hu irùngbọ̀n ni?”

“Òwú ni mo lọ rà.”

“Kí Ọlọ́run dá òwú sí. Jàwádì náà wá ń tà á ni?” Kadúújì bu kúsúkúsù tútù díẹ̀, ó jù ú sẹ́nu. “Kò burú. Ọkùnrin náà kúkú rẹwà. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, wọ́n ní tó bá ń fá orí èèyàn, oorun ló máa ń kunni.”

Turíyà mọ̀ pé ẹ̀yìn òun ni Lálà Tàmú jókòó sí, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lórí awọ rẹ̀, tó ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà. Ọwọ́ ìyá náà dúró lórí ẹ̀wà. Turíyà ń pa kúsúkúsù lọ. Ó dà bí ẹni pé òun lè sọ ọ́ tán nísinsìnyí, kó sọ pé àtẹ̀gùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn onígbàjámọ̀ yẹn, pé lókè ni Sìhámù wà, ọmọbìnrin tó kọ́ iṣẹ́ iṣan ara nílé ìwé, tó ń kọ́ àwọn obìnrin bí wọ́n ṣe lè di ìtọ̀ mú. Inú yàrá yẹn, ẹní ni wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di àgbà ló ń dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, orúnkún lókè. Kò sẹ́ni tó ń dárúkọ ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Sìhámù ní bí nǹkan oṣù bá ti dúró, ara ìsàlẹ̀ a máa gbẹ, a máa dẹ̀, iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ ró á sì rọ, pàápàá lára ẹni tó ti bímọ. Ó ní kì í ṣe èpè, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbé dé sàárè. Ó ní kí Turíyà má fi òùngbẹ pa ara rẹ̀ mọ́, torí ó ti pẹ́ tí Turíyà ò ti mu omi débi tó yẹ, kí ìtọ̀ má baà já.

Ó lanu. Ó tún bu omi iyọ̀ sí kúsúkúsù.

Ta ló fẹ́ sọ ọ́ fún? Mo bi yín. Ní ìlú tí a ti ń sọ ti eyín tó ń ro àti inú tó dì lórí abọ́ oúnjẹ, tí ọkùnrin ń ṣí ẹsẹ̀ sókè ká lè rí eéwo rẹ̀, kò sí ẹnu kan ṣoṣo tó gba ti ìtọ̀ obìnrin. Inú ń bí mi tí mo bá ń rò ó. Wọ́n á kọ́ ọmọbìnrin bí wọ́n ṣe ń pa kúsúkúsù, bí wọ́n ṣe ń bójú tó ọkọ, bí wọ́n ṣe ń wẹ òkú. Èyí tó máa bá a sùn tó máa bá a jí títí dé ọjọ́ ogbó, wọ́n á fi sílẹ̀ kó dá a rí.

“Mo ní òwú ni,” ni Turíyà wí.

“A ti gbọ́,” ni Lálà Tàmú wí lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, àwọn ọkùnrin ti lọ sí mọ́sáláṣí. Búṣítà wọ jálábíà funfun, ó gba iwájú ìyàwó rẹ̀ kọjá, kò wo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Dirísì, ti wa mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ dé láti oko láti wá jẹun Jímọ̀, ó sì bá a jáde. Lálà Tàmú lọ síbi omi, ó padà, ó tẹ́ awọ rẹ̀ sí pálọ̀. Kadúújì náà ṣe tirẹ̀. Kò tíì lọ sílé, kò sì jọ ẹni tó fẹ́ lọ.

“Turíyà, wá ká kírun.”

“Kúsúkúsù wà lórí iná, Ìyá.”

“Ooru kì í jó kúsúkúsù. Wá.”

Turíyà nu ọwọ́. Láti ìgbà iléyá, bí ìrun bá ti wọlé, yàrá ló ń sá lọ, á tilẹ̀kùn, á dúró sẹ́yìn rẹ̀, á sì máa sunkún. Obìnrin tí ìtọ̀ ń já sí lára, irú ìrun wo ló fẹ́ kí? Ó dá a lójú pé bóun bá dúró níwájú Ọlọ́run bẹ́ẹ̀, àfojúdi ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa wá irọ́. Òótọ́ díẹ̀ ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ara mi ò mọ́.”

Kadúújì yíjú padà lórí ẹní. Lálà Tàmú ò yíjú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ le. Ohun tí àwọn obìnrin ń wí nìyẹn nígbà tí nǹkan oṣù bá dé, kò sì sẹ́ni tí ò mọ̀ nínú ilé yẹn pé ti Turíyà ti dúró tipẹ́. Tí kì í bá ṣe ẹ̀jẹ̀, tí kì í bá ṣe ọkọ, kí ló wá sọ ọ́ di aláìmọ́? Turíyà rí ohun tóun ṣe. Ọ̀rọ̀ ti jáde, kò ṣe é kó padà. Lálà Tàmú gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó kábà ìrun.

Nígbà tí àwọn ọkùnrin dé, ó pe Búṣítà wọ yàrá rẹ̀. Wọn ò pẹ́ níbẹ̀.

Turíyà gbé ọpọ́n kúsúkúsù wá, ẹran àgùntàn lórí, elégédé àti kárọ́ọ̀tì àti tọ́nípù yí i ká, àlùbọ́sà olóyin àti rẹ́síìnì láàárín. Ó gbé abọ́ wàrà kíkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó yí tábìlì ká lórí tìmùtìmù gígùn, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ aláwọ̀ òféfèé bò. Dirísì ní bísímílà, ó ki ọwọ́ bọ ọpọ́n. Òun nìkan ló jẹ.

“Turíyà,” ni Búṣítà wí, “níbo lò ń lọ lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun?”

“Òwú ni mo ń rà, Bàbá Náwálì.”

“Gbé òwú náà wá.”

Kò dìde. Dirísì fa ọwọ́ yọ nínú ọpọ́n, ó lá ìka rẹ̀, ojú tì í díẹ̀.

“Ìyàwó wa,” ó wí, “kò sẹ́ni tó fẹ́ bú ọ. Dárúkọ ibi tó ò ń lọ, ká jẹun, kí n máa lọ sóko.”

Turíyà wo ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin tí òun ò tíì yọ ìborí níwájú rẹ̀ rí. Kó lanu níwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, lórí oúnjẹ, kó ní ìtọ̀? Ó wo ọkọ rẹ̀, ó rí i lójú rẹ̀ pé kò sùn mọ́jú. Àánú rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i, ẹ̀ẹ̀kan náà.

“Mi ò ṣe nǹkan burúkú kankan.”

“Kí lo wá ṣe?”

“Mo ní kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀.”

“Ò ń wẹ̀ ní ìdájí,” ni Búṣítà wí. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó sì burú ju kó pariwo lọ. “O lé mi ní yàrá. O ò kírun. O sọ fún ìyá mi lónìí, lẹ́nu ara rẹ, pé ara rẹ ò mọ́. Kí lo fẹ́ kí n rò? Bí a bá jẹun tán, kó aṣọ rẹ. Ẹ̀gbọ́n á gbé ọ lọ sílé ẹ̀gbọ́n tìrẹ ní Tásà. Tó o bá rántí ibi tó ò ń lọ, kó o ránṣẹ́ sí mi.”

Lálà Tàmú jókòó gan-an lórí awọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní itan. Ohun tó fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Ó ń wo Turíyà bí ẹni tí ìṣirò rẹ̀ ṣì kù síbì kan.

Ìgbà yẹn ni Kadúújì wọlé láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìkòkò iná kékeré lọ́wọ́. Ó ti sáré lọ sílé lọ gbé e.

“Ẹ má tíì lé ọmọ ọlọ́mọ lọ,” ó wí. “Èmi ò rò pé ẹjọ́ rẹ̀ ni. Wọ́n ti fi nǹkan sí i lára ni. Ẹ jẹ́ kí n fi èéfín yí i po. Bí nǹkan ọ̀hún bá wà níbẹ̀, á fara hàn.”

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni fèsì. Ó fọ́n èso hámálì àti álọ́ọ̀mù, èyí tí wọ́n fi ń lé àǹjọ̀nnú, sórí ẹyin iná, ó gbé ìkòkò náà kọjá lórí Turíyà, ó tún gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbáròkó rẹ̀, ó ń kà á sẹ́nu. Èéfín dúdú gba ojú, ó gba imú. Turíyà rántí ohun tí Sìhámù kọ́ ọ: fún un pọ̀ kó o tó wúkọ́. Ó fún un pọ̀, ó wúkọ́, kò sí nǹkan. Ó tún fún un pọ̀, ó tún wúkọ́. “Ẹ rí i?” ni Kadúújì wí. “Ó ń bá mi jà.” Ó tún da èso mìíràn sí iná. Ikọ́ di èyí tí kò dúró mọ́, ọ̀kan ń lé ọ̀kan, iṣan ìsàlẹ̀ Turíyà sì rẹ̀ ẹ́ pátápátá.

Ó já. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó rin ìró rẹ̀, ó wọ aṣọ òféfèé tó wà lórí tìmùtìmù. Turíyà fa ìró rẹ̀ mọ́ itan.  Ó rí i tí ojú Lálà Tàmú sọ̀ kalẹ̀ láti ojú rẹ̀ dé itan rẹ̀, dé ibi tí aṣọ náà ti ń dúdú, tó ń tàn kálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà náà wo ibẹ̀. Ihò imú rẹ̀ gbòòrò. Ó tán, ni Turíyà wí nínú ara rẹ̀. Ó máa pariwo báyìí, gbogbo Sefrú á gbọ́ kí wọ́n tó kí àlàásárì.

Lálà Tàmú na ọwọ́ sí abọ́ wàrà kíkan. Ó gbé e, ó dìde bí ẹni tó fẹ́ gbé e fún Dirísì, ó sì dà á tán sí Turíyà nítan.

“Ọwọ́ mi,” ó wí. “Ọwọ́ arúgbó. Ẹ wò ó bí mo ṣe ba aṣọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́.”

Wàrà funfun bo gbogbo rẹ̀, ó ń kán sílẹ̀. Búṣítà ń wo ìyá rẹ̀. Ní gbogbo ayé rẹ̀, kò tíì rí i kí ohunkóhun bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà rí.

“Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ gbójú sápá kan. Kadúújì, gbé ìkòkò iná rẹ lọ sílé rẹ, o ti fi èéfín ba oúnjẹ àwọn ọmọ mi jẹ́.” Ó fa awọ àgùntàn rẹ̀ kúrò lórí tìmùtìmù, èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn, ó ró o mọ́ Turíyà nídìí bí ìró, ó di apá rẹ̀ mú. “Dìde, ìyàwó mi. Máa bọ̀.”

Ó tilẹ̀kùn yàrá Turíyà, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Wọ́n dúró, àwọn méjèèjì, wàrà ń rùn lára Turíyà. Lálà Tàmú ò wò ó.

“Láti ìgbà wo?”

“Ó ti lé lọ́dún kan,” ni Turíyà wí. “Tí mo bá wúkọ́—”

“Tó o bá wúkọ́. Tó o bá sín. Tó o bá gbé ìkòkò. Tó o bá gbọ́ omi tó ń dà. Tó o bá rẹ́rìn-ín.”

Turíyà gbójú sókè. “Báwo lẹ ṣe mọ̀, Ìyá?”

Ìyá àgbà náà tú awọ náà kúrò nídìí rẹ̀, ó yí inú rẹ̀ síta. Wọ́n ti rán rọ́bà mọ́ ọn nísàlẹ̀, okùn rírán náà ti gbó, wọ́n tún un rán, wọ́n lẹ òmíràn mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ rán an. Turíyà wò ó, ó rántí gbogbo ilé òkú, gbogbo ilé ìkómọ, ó sì rántí ẹnu tó máa ń fún pọ̀ nígbà tí àwọn yòókù bá ń rẹ́rìn-ín.

“Láti orí Búṣítà ni,” ni Lálà Tàmú wí. “Orí rẹ̀ tóbi. Ó fà mí ya.”

Turíyà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kì í ṣe àánú.

“Ẹ sì ń ṣọ́ mi,” ó wí. “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ ń gbóòórùn ilé ìwẹ̀ tẹ̀ lé mi. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi jáde lórí oúnjẹ tí mo sè. Inú ń bí mi sí yín, Ìyá, kí n má purọ́.”

“Ó yẹ kó bí ọ.” Lálà Tàmú jókòó tì í, díẹ̀díẹ̀, ó di etí ibùsùn mú. “Mo rò pé ọkùnrin ni. Turíyà, láti ìgbà yẹn títí dòní, mo rò pé èmi nìkan ni. Mo rò pé Ọlọ́run wo gbogbo obìnrin ayé, ó wá fi èyí lé mi lórí. Báwo ni ma ṣe rí i lára ẹlòmíràn kí n dá a mọ̀?”

 Níta, wọ́n gbọ́ tí Dirísì ń yí mọ́tò padà.

“Kí ló dé tó ò kírun?” ni ìyá àgbà náà béèrè.

“Pẹ̀lú ìtọ̀ lára?”

“Ta ló sọ ìyẹn fún ọ?”

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ta ni ma bi?”

“Èmi bi àáfà kan,” ni Lálà Tàmú wí. “Ó ti kú. Mo dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ní obìnrin kan lábúlé wa ló rán mi. Ó ní kí n sọ fún obìnrin náà, kó wẹ ibẹ̀ mọ́, kó fi àkísà mímọ́ dí i, kó ṣe àlùwàlá bí àkókò ìrun kọ̀ọ̀kan bá ti wọlé, kó dúró kó kí i. Ohun tó bá já lẹ́yìn ìyẹn, Ọlọ́run ò kà á sí i lọ́rùn. Èmi ni mo wá di obìnrin abúlé yẹn. Bí mo ṣe ń kí i títí dòní nìyẹn.”

Turíyà fi ọwọ́ bo ojú. Gbogbo ìgbà tó ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ìdáhùn. Ó sunkún, kò gbìyànjú láti pa á mọ́ra. Lálà Tàmú jẹ́ kó sunkún tẹ́ ẹ lọ́rùn.

“Ilé onígbàjámọ̀ ńkọ́?”

“Òkè ilé rẹ̀ ni, Ìyá. Ọmọbìnrin kan ló ń kọ́ wa bí a ṣe ń mú iṣan ibẹ̀ le. Kò tíì tán lára mi, ṣùgbọ́n ó ti dín kù. Ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan, pé kí n máa ṣe é lójoojúmọ́, oṣù á máa gorí oṣù.”

“Ìmí tí mò ń gbọ́ nínú yàrá rẹ nìyẹn?”

“Òun ni.”

“Mo rò pé ò ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù.” Ìyá náà tún rò ó. “Ẹni tó bá ti darúgbó ńkọ́?”

“Ìyá kan tó ń tẹ ọ̀pá rìn wà láàárín wa. Ó ní tirẹ̀ náà ti ń dín kù.”

“Kọ́ mi.”

Wọ́n dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, ìyá ọkọ àti ìyàwó, orúnkún lókè. Turíyà ní kó má fún ikùn, kó má fún itan, kó má di èémí mú, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó fún pọ̀ kó fà sókè, kó dì í mú díẹ̀, kó wá rọra tú u sílẹ̀. Lálà Tàmú ní òun ò mọ ibi tó ń wí. Turíyà ronú bí Sìhámù ṣe sọ ọ́.

“Ẹ ṣe bí ẹni pé ìsó ti dé ẹnu ọ̀nà, Ìyá, tí lèmọ́ọ̀mù sì ń kọjá lọ.”

 Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan hó jáde láti àyà ìyá àgbà náà, ó gbọ̀n, ó fi ìborí bo ẹnu, kò dúró. Lálà Tàmú ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. “Ó ti já,” ó wí, “ó ti já o,” ó sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn, Turíyà náà bá a lọ́wọ́ sí i, wọ́n di ara wọn mú.

Òjìji ẹsẹ̀ dúró sí abẹ́ ilẹ̀kùn.

“Ìyá?” Búṣítà ni. “Ta ló ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn?”

Àwọn méjèèjì tún fi ìborí bo ẹnu.

“Ẹ̀gbọ́n ti gbé mọ́tò síta. Ìyá, ẹ ní ọkùnrin ni.”

“Mo ní bẹ́ẹ̀,” ni Lálà Tàmú wí, ó ń nu ojú. “Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Àìsàn obìnrin ni, èmi náà ní i, ìwọ àti orí ńlá rẹ lẹ kó o bá mi. Sọ fún Dirísì kó pa mọ́tò, kó wá jẹun. Ìwọ, dúró de ìyàwó rẹ, kó o bẹ̀ ẹ́. Èmi náà ò tíì bẹ̀ ẹ́ tán.”

Òjìji ẹsẹ̀ náà ò kúrò. Ó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ladánì bẹ̀rẹ̀ sí í pe àlàásárì. Lálà Tàmú fi ọwọ́ ti ibùsùn dìde, ó fa ike abẹ́ rẹ̀ jáde, èyí tí ṣòkòtò ìdájí ṣì wà nínú rẹ̀, ó gbé e lé Turíyà lọ́wọ́.

“Ìwọ kọ́kọ́ lọ wẹ̀. Èmi á tẹ́ ẹní fún àwa méjèèjì.” Nígbà tí Turíyà ṣílẹ̀kùn, tí ọkọ rẹ̀ sì yà fún un, ìyá náà pè é padà. “Turíyà, má yọ́ wẹ̀ mọ́.”

Ó kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀ níwájú Búṣítà, ó wọ ilé ìwẹ̀, ó da omi sára láti orí dé ẹsẹ̀. Ó sì jẹ́ kí ike kan ilẹ̀ kó dún.